Èwo ni ká yàn? Ìfiwéra àwọn ọ̀nà tí a fi ń ṣàkóso ìtóbi àti awọ èérún MOF

Aago méjì òru kọjá díẹ̀ ni iná lọ. UiO-66 mi, ọ̀kan lára àwọn èròjà oníhò tí a ń pè ní MOF (metal-organic framework), ti wà nínú ófùn láti ọ̀sán, ní 120°C, ó sì yẹ kó lo wákàtí 24 níbẹ̀. Kí ẹni tó ń ṣọ́ jẹnẹrétọ̀ tó jí, kó tó fa okùn rẹ̀ títí tó fi dáhùn, ófùn ti tutù débi pé mo lè fi ọwọ́ lásán ṣí i. Mo tún mú un gbóná, mo parí iṣẹ́ bí ẹni pé nǹkan kan kò ṣẹlẹ̀. Nígbà tí àwòrán máíkíróskóòpù dé, oríṣi méjì ni mo rí nínú ìgò kan ṣoṣo: àwọn ńlá àti àwọn wẹ́wẹ́. Bí mo ṣe túmọ̀ rẹ̀ ni pé àwọn ńlá ti wà kí iná tó lọ, àwọn wẹ́wẹ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ hù nígbà tí iná padà dé.

Láti ọjọ́ náà, bí àbúrò kan ní láàbù bá bi mí pé, "Ẹ̀gbọ́n, ọ̀nà wo lẹ rò pé ó dáa jù láti fi ṣe nano-MOF?", ìbéèrè ni èmi náà fi ń dá a lóhùn: "Kí lo fẹ́ kó ṣe fún ẹ? Wákàtí mélòó ni iná yín sì máa ń dúró?" Wọ́n máa ń rò pé àwàdà ni mò ń ṣe.

Nítorí náà, ìfiwéra tí ẹ fẹ́ kà yìí kò bẹ̀rẹ̀ láti inú ìwé. Ó bẹ̀rẹ̀ láti inú láàbù Ìbàdàn, níbi tí ohun ìrokà (stirrer) wà, tí centrifuge, ẹ̀rọ tó ń yí kíákíá láti ya èérún kúrò nínú omi, wà bó bá wu ú, tí iná sì ń lọ nígbà tó bá fẹ́.

Fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọlé

MOF dà bí òrùlé tí káfíńtà ṣẹ̀ṣẹ̀ kan igi rẹ̀, tí wọn kò tíì gbé páànù lé. Mẹ́tà (irú bíi irin tàbí síǹkì) ni oríkèé, èròjà oníkábọ́ọ̀nù tí a ń pè ní linker ni igi tó nà láti oríkèé kan bọ́ sí èkejì, òfo tó wà láàárín wọn sì ni ọjà tí a ń tà. Òfo yẹn kì í ṣe kékeré. Ojú inú gíráàmù kan péré ti ZIF-8, ọ̀kan nínú àwọn MOF, lé ní 1,600 mítà onígun mẹ́rin. Ẹ fi wé pulọ́ọ̀tì ilẹ̀ ẹsẹ̀ bàtà 50 ní 100 tí wọ́n ń tà ní Àkóbọ̀ tàbí Mọ́níyà: ó ju mẹ́ta lọ, nínú ìyẹ̀fun tí kò kún ṣíbí ìmutíì. Ní 2025, Richard Robson, Susumu Kitagawa àti Omar Yaghi gba ẹ̀bùn Nobel nínú kẹ́místrì lórí iṣẹ́ yìí. Láti ìgbà náà ni gbogbo ẹni tó ń wá àkọlé fún próójẹ́ẹ̀tì ti ń dárúkọ MOF.

Kékeré tó mélòó?

Àwọn tó ń bá mi sọ̀rọ̀ sábà máa ń gbà pé bó bá ṣe kéré tó ló ṣe dáa tó. Mi ò gbà bẹ́ẹ̀.

Lóòótọ́, kékeré ní èrè. Bí ẹ bá dín ìtóbi kírísítà kù sí ìdá mẹ́wàá, àkókò tí èròjà fi ń rìn láti ìta dé àárín rẹ̀ á dín kù sí ìdá ọgọ́rùn-ún. Ẹni tó ń fi MOF ṣe catalyst (ohun tó ń mú kí ìyípadà kẹ́míkà yára) ń wá ìyẹn lójú méjèèjì. Awọ ìta náà ń pọ̀ sí i: bí ìtóbi bá dín kù sí ìdajì, awọ tó wà lórí gíráàmù kan á di ìlọ́po méjì.

Ṣùgbọ́n ẹni tó fẹ́ fi yọ aró kúrò nínú omi ńkọ́? Èérún 50 nm (nánómítà; mílíọ̀nù kan rẹ̀ ló wà nínú mílímítà kan) á gba inú bébà ìsẹ́mi kọjá bí ẹni ń gba ẹnu ọ̀nà ilé bàbá rẹ̀. Bí ẹ bá rọ́ ọ sínú kọ́lọ́ọ̀mù, á dì gbagidi, omi ò ní sọ̀ mọ́. Centrifuge ló máa kù yín kù, lítà mélòó sì ni tiwa ń gbà lẹ́ẹ̀kan? Fún omi, kírísítà tó tó 1 µm (1,000 nm) tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, tàbí èyí tí a fi alginate (jẹ́lì tí a ń rí lára ewéko òkun) mọ bí ìlẹ̀kẹ̀, ló máa gbà yín. Mo ti rí ẹni tó lo oṣù mẹ́ta láti sọ ìtóbi di 40 nm, tó tún lo oṣù méjì mìíràn láti wá ohun tí yóò lẹ̀ ẹ́ mọ́ra padà.

Ti ẹni tó fẹ́ fi MOF gbé oògùn wọ inú ara yàtọ̀. Ohun tó bá kéré ju nǹkan bí 6 nm lọ, kíndìnrín á sẹ́ ẹ jáde kíákíá; ohun tó bá tóbi ju 200 nm lọ, ẹ̀dọ̀ àti àwọn ẹ̀yà tó ń sẹ́ ẹ̀jẹ̀ á tètè gbé e mì. Ìdí nìyẹn tí àwọn tó ń ṣe èyí fi ń sá di àárín 50 sí 200 nm.

Bí abẹ́rẹ́ ti kéré tó, kì í ṣe mímì fún adìẹ. Ìyẹ̀fun nánò tó bá gbẹ máa ń fò. Ẹ bo imú yín, ẹ má sì ṣí i lábẹ́ fáànù.

Irúgbìn mélòó ló hù?

Ìbéèrè kan ṣoṣo ni gbogbo ọ̀nà ìṣàkóso ìtóbi ń dáhùn: irúgbìn kírísítà mélòó ló hù ní ìbẹ̀rẹ̀? Ẹni tó bá gbin àgbàdo mẹ́wàá sí kòtò kan mọ̀ pé kò ní sí èyí tó máa yọ ọmọ gidi nínú wọn. Mẹ́tà àti linker tó wà nínú bíkà níye. Bí irúgbìn bá pọ̀, díẹ̀díẹ̀ ló máa kan olúkúlùkù, wọ́n á wà ní wẹ́wẹ́. Bí wọ́n bá ṣọ̀wọ́n, àwọn díẹ̀ yẹn á jẹ gbogbo rẹ̀ yó. Èyí tó burú jù ni kí irúgbìn máa hù kó má dáwọ́ dúró. Ẹ̀gbọ́n àti àbúrò á kún inú ìgò kan náà, bíi ti alẹ́ tí mo sọ yẹn.

Nítorí náà, ẹ má kọ́kọ́ béèrè pé ọ̀nà wo ló ń mú nǹkan kéré. Ẹ béèrè pé èwo ló ń jẹ́ kí irúgbìn hù lẹ́ẹ̀kan náà, tí mo sì lè ṣe bákan náà lọ́la àti lọ́tùn-únla.

MOF mẹ́rin lójú kan

| | ZIF-8 | UiO-66 | MIL-100(Fe) | HKUST-1 |
|---|---|---|---|---|
| Mẹ́tà | síǹkì | zirconium | irin | bàbà |
| Linker | 2-methylimidazole | terephthalic acid | trimesic acid | trimesic acid |
| Ọdún tó jáde | 2006 | 2008 | 2007 | 1999 |
| Ooru | ti yàrá | 120°C, wákàtí 24 | ìṣẹ́jú díẹ̀ nínú máíkíróweefù | ti yàrá títí dé 120°C |
| Inú kí ni? | methanol tàbí omi | DMF (dimethylformamide, omi kẹ́míkà) | omi | ethanol àti omi |
| Ọ̀tá rẹ̀ | ásíìdì, phosphate | phosphate, omi eérú líle | phosphate | omi |

HKUST-1 ni mo máa yára fò kọjá. Ó rẹwà: bó bá mu omi, ó máa ń rí bí aṣọ ayinrin, bí ẹ bá yọ omi kúrò lára rẹ̀, á dúdú bí aṣọ tó ti wọ ìkòkò aró lẹ́ẹ̀mẹwàá. Ẹni tó fẹ́ kọ́ ọmọ ilé ìwé ní ohun tí MOF jẹ́ lè lò ó. Ṣùgbọ́n pẹ̀lú ọ̀rinrin ìlú yìí láti oṣù kẹrin dé oṣù kẹwàá, nano rẹ̀ á máa bàjẹ́ lójú yín.

ZIF-8 ni mo máa ń gba akẹ́kọ̀ọ́ tuntun níyànjú láti fi bẹ̀rẹ̀. Kò nílò ófùn. Ẹ pò zinc nitrate sínú methanol, ẹ pò linker sínú methanol mìíràn, ẹ da ọ̀kan sínú èkejì, ẹ rò ó. Kí wákàtí kan tó pé, omi náà ti funfun bí omi ògì. Bí iná bá lọ, ọwọ́ kan ò kúkú dí i lọ́wọ́. Ọ̀nà méjì ló gbajúmọ̀ nínú rẹ̀, àárín àwọn méjèèjì sì ni ìyàn gidi wà.

Èkíní ni ti methanol, tí àwọn ará Hannover ní Jámánì gbé jáde ní 2009: síǹkì 1, linker 8, methanol 700, ní ìṣirò mólì. Ohun tó ń jáde kò tó 50 nm, wọ́n sì jọra wọn dáadáa. Èkejì ni ti omi lásán, tó jáde láti Saudi Arabia ní 2011: síǹkì 1, linker 70, omi 1,238. Ìṣẹ́jú márùn-ún ló gbà wọ́n, èérún náà sì jẹ́ nǹkan bí 85 nm. Omi kò ní májèlé, kì í gbiná, owó rẹ̀ ò tó nǹkan. Ó dùn ún gbọ́ létí. Ṣùgbọ́n ẹ ṣírò rẹ̀: síǹkì kan, linker méjì ló wà nínú ZIF-8. Nínú 70 tí ẹ dà sí i, 2 péré ló wọlé, 68 lọ sínú síńkì ìfọwọ́. Ní ti methanol, 6 ló ṣòfò nínú 8. Ẹni tó ti san owó linker tó ti òkè òkun wọlé lẹ́nu àìpẹ́ yìí mọ ohun tí mò ń wí. Ẹ má sì rò pé ẹ lè dín 70 yẹn kù sí 8 nínú omi kẹ́ ẹ sì bọ́ lọ́fẹ̀ẹ́. Bí linker ò bá pọ̀ tó nínú omi, ohun mìíràn tí kì í ṣe ZIF-8 á bẹ̀rẹ̀ sí í bá a jáde, bíi zinc hydroxide.

Tèmi: methanol ni mò ń lò fún èyí tó bá kéré, nínú ibi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́ jáde, pẹ̀lú ìbọ̀wọ́. Omi ni mò ń lò bí èròjà tó máa wà nínú rẹ̀ bá jẹ́ ènsáìmù tàbí ohun mìíràn tí methanol máa pa.

UiO-66 ló le jù nínú wọn. Oríkèé zirconium rẹ̀ kọ̀ọ̀kan ń di linker 12 mú, ìdí nìyẹn tí omi àti ásíìdì kò fi rí i tú. Ìyà tó wà nínú rẹ̀ ni ófùn, àti DMF. DMF kì í ṣe ohun tí aláboyún yẹ kó sún mọ́, ẹ jọ̀ọ́. Linker rẹ̀ ni terephthalic acid, èyí tó wà nínú àwọn rọ́bà mínírà tó kún ojú gọ́tà wa láti Sábó dé Ògùnpa. Àwọn olùwádìí kan ti tú rọ́bà bẹ́ẹ̀ padà, wọ́n sì fi ṣe MOF. Ìyẹn yàtọ̀ sí ohun tí à ń sọ, ṣùgbọ́n kì í kúrò lọ́kàn mi tí mo bá ń kọjá níbẹ̀ lẹ́yìn òjò.

Èyí tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ fi etí sí nípa UiO-66 ni iyọ̀ zirconium tí ẹ fẹ́ rà. Inú ìwé púpọ̀, ZrCl₄ (zirconium chloride) ni wọ́n kọ. ZrCl₄ kò fẹ́ràn afẹ́fẹ́ tó ní omi rárá. Bí ẹ bá ṣí ìgò rẹ̀ lóṣù kẹfà ní Ìbàdàn, á máa rú èéfín hydrochloric acid sí yín lójú, lára rẹ̀ á sì ti yàtọ̀ kẹ́ ẹ tó wọ̀n ọ́n tán. Omi tó wọ inú rẹ̀ kì í dákẹ́ síbẹ̀: omi ń mú kí irúgbìn tètè hù, kírísítà á wá kéré ju ti oṣù kìíní lọ, nígbà tí ọyẹ́ ń fẹ́. Ọ̀rọ̀ "a ṣe é bí ìwé ṣe wí, kò jọra" tí mo máa ń gbọ́, ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ rẹ̀ ti wá. Iyọ̀ kejì, ZrOCl₂ tó ti mu omi 8 tirẹ̀ yó tẹ́lẹ̀, kì í ṣe wàhálà bẹ́ẹ̀. Iye omi inú rẹ̀ ti hàn, òjò ò lè fi kún un tó bẹ́ẹ̀. Èyí ni kẹ́ ẹ rà. DMF tó ti pẹ́ ní ṣẹ́ẹ̀fù náà ń fa omi, nítorí náà ẹ kọ ọjọ́ tẹ́ ẹ ṣí ìgò sára rẹ̀.

Ẹni tó fẹ́ agbára zirconium ṣùgbọ́n tí DMF ń bà lẹ́rù, kó wo MOF-801, èyí tí fumaric acid jẹ́ linker rẹ̀. Ó ṣeé ṣe nínú omi pẹ̀lú formic acid. Òun náà ni wọ́n fi fa omi jáde láti inú afẹ́fẹ́ gbígbẹ ní Amẹ́ríkà ní 2017, ohun tó yẹ kó wọ ẹni tó mọ ọyẹ́ lára.

MIL-100(Fe) ni ti oògùn. Irin tí ẹ̀jẹ̀ wa mọ̀ ni mẹ́tà rẹ̀, ihò inú rẹ̀ tóbi, tó 25 Å àti 29 Å (Å mẹ́wàá ló wà nínú nm kan), ó sì ń tú díẹ̀díẹ̀ nínú ara. Láti ìgbà tí Patricia Horcajada àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Faransé ti fi irú rẹ̀ gbé oògùn jẹjẹrẹ àti ti kòkòrò HIV ní 2010 ni àwọn ènìyàn ti ń rọ́ lọ síbẹ̀. Ìkìlọ̀ kan: àwọn ìlànà àtijọ́ rẹ̀ ń lo hydrofluoric acid (HF). Ẹ má fọwọ́ kàn án. Ó ń wọ ara lọ sí egungun, ìrora rẹ̀ sì lè pẹ́ kó tó farahàn. Ìlànà tí kò lò ó wà, ìyẹn sì ló ń fúnni ní èérún kékeré.

Kókó mẹ́ta tí a fi ń yí ìtóbi, àti èyí tí ń tan àwọn ènìyàn jẹ

Ìwọ̀n linker sí mẹ́tà ni àkọ́kọ́, a ti rí i lára ZIF-8: bí linker bá pọ̀ rẹpẹtẹ, irúgbìn á hù lọ́pọ̀ yanturu, ìyókù linker á sì bo ara àwọn kírísítà náà kí wọ́n má baà dàgbà. Kò gba ohun èlò kankan. Ṣíbí, òṣùwọ̀n tó dáa, ó tán.

Èkejì ni modulator, ohun tí a ń fi kún un láti yí bí kírísítà ṣe ń hù, òun ló sì ń tan ènìyàn jẹ. Wọ́n á kà á níbì kan pé modulator ń dín ìtóbi kù, wọ́n á da acetic acid, ìyẹn ásíìdì inú fínígà, sínú UiO-66. Kírísítà á tóbi sí i. Wọ́n á fi kún un, á tún tóbi sí i. Ìwé kọ́ ló purọ́. Linker gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ jọ̀wọ́ hydrogen rẹ̀ kó tó lè di mẹ́tà mú. Acetic acid ń dí i lọ́nà méjì: kì í jẹ́ kó jọ̀wọ́ rẹ̀ bọ̀rọ̀, ó tún ń bá a du àyè lára zirconium. Irúgbìn á ṣọ̀wọ́n, àwọn tó hù á dàgbà, igun wọn á mú ṣáṣá. Ohun tó ń ṣe òdìkejì ni base, èyí tó ń gba hydrogen lọ́wọ́ linker kíákíá: bí n-butylamine bá wọ inú ZIF-8, irúgbìn á hù wọ̀ọ̀, èérún á kéré gan-an. Nítorí náà, bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún yín pé kẹ́ ẹ lo modulator, ẹ bi í pé: ásíìdì ni àbí base?

Acetic acid ní ohun mìíràn tó ń ṣe. Ó máa ń gba ipò linker níbì kan, kò sì ní kúrò níbẹ̀. Òrùlé á wà, igi kan á dín. Ojú inú MOF lè pọ̀ sí i nítorí ìyẹn, ohun tí catalyst ń fẹ́, ṣùgbọ́n agbára rẹ̀ á dín kù. Ẹ ò lè fi modulator yí ìtóbi nìkan kó má fọwọ́ kan nǹkan mìíràn.

Ẹ̀kẹta ni bí ooru ṣe wọlé. Máíkíróweefù ń mú gbogbo inú ìgò gbóná lẹ́ẹ̀kan, irúgbìn á hù pọ̀, wọ́n á jọra, ìṣẹ́jú díẹ̀ á sì tó. Fún ìlú tí iná ti ń lọ, ìṣẹ́jú díẹ̀ dára ju wákàtí 24 lọ, kò tún nílò àríyànjiyàn. Ṣùgbọ́n ti láàbù ni mò ń sọ, èyí tó ń ka ooru àti agbára inú ìgò. Máíkíróweefù ilé ìdáná pẹ̀lú methanol tàbí DMF nínú rẹ̀ jẹ́ iná tó ń wá ẹni tí yóò jó.

CTAB àti àwọn ọmọ ìyá ọṣẹ yòókù lè sọ ZIF-8 di kẹ́ẹ́bù onígun mẹ́rin dípò ara onígun púpọ̀ tó máa ń ní. Ó dáa lójú àwòrán. Fífọ̀ kúrò lára rẹ̀ ló kù, àti pé sẹ́ẹ̀lì ara kì í fara da CTAB. Mi ò lò ó fún oògùn.

Awọ

Ibi tí mo ti rí àṣìṣe jù nìyí, nítorí pé àwọn ènìyàn máa ń ronú nípa awọ lẹ́yìn tí èérún ti jáde tán. Ìgbà tí ẹ yan modulator ni ẹ ti yan apá kan nínú awọ. Ohun tó wà nínú bíkà nígbà tó ń dàgbà ló wà lára rẹ̀.

Ọ̀nà mẹ́ta ni mo máa fi wé ara wọn. Àkọ́kọ́, kẹ́ ẹ fi ohun ìbora sí i nígbà tó ń hù: PVP (pólímà, ìyẹn èròjà tó gùn bí okùn) fún ZIF-8, tàbí PEG (pólímà mìíràn) tó ní carboxylate lórí kan. Ìgbésẹ̀ kan ló gbà, ṣùgbọ́n ẹ̀ ń yí ìtóbi àti awọ pọ̀. Bí ọ̀kan ò bá tẹ́ yín lọ́rùn, ẹ máa tú méjèèjì. Èkejì, kẹ́ ẹ so ó mọ́ ọn lẹ́yìn tó ti jáde tán. UiO-66-NH₂ ni ọ̀rẹ́ yín níbí, nítorí apá amine tó nà síta ń gba oríṣiríṣi nǹkan mọ́ra. Phosphate náà ń di zirconium àti irin mú gírígírí, nítorí náà ohun tó bá ní phosphate lórí rẹ̀, bí àwọn ọ̀rá kan, á lẹ̀ mọ́ ara èérún náà láìsí wàhálà. Ẹ̀kẹta, kẹ́ ẹ wé e pátápátá, bí a ṣe ń wé mọ́ín-mọ́ín: silica, ọ̀rá onípele méjì, polydopamine. Ó ń dáàbò bò ó jù lọ, ó sì tún ń fi kún ìtóbi rẹ̀. Bí silica bá nípọn jù, ihò tí ẹ torí rẹ̀ ṣe MOF á di.

Òfin kan tí kì í yẹ̀ fún mi: ẹ wo ìwọ̀n ojú ihò kẹ́ ẹ tó yan ohun ìbora. Ojú ihò ZIF-8 jẹ́ 3.4 Å, ti UiO-66 nǹkan bí 6 Å, ti MIL-100(Fe) tó tóbi jù jẹ́ 8.6 Å. Bí ohun ìbora yín bá kéré ju ojú ihò lọ, á wọlé lọ jókòó sí àyè oògùn. Kì í rọrùn fún PEG tó gùn láti wọ ZIF-8, ìta ló máa wà. Lára MIL-100(Fe), ẹ nílò ohun tó gbórí ju ìyẹn lọ. Cyclodextrin (ṣúgà tó yípo bí òrùka) tó ní phosphate wà fún irú èyí, torí kò gba ojú ihò yẹn kọjá.

Phosphate tún ni mo fẹ́ fi parí ti awọ. Ó dáa láti so nǹkan mọ́, òun náà ló sì ń jẹ MOF run. Ẹ̀ ń fọ ZIF-8 nínú PBS (omi iyọ̀ tó ní phosphate), ẹ sì ń bi mí pé kí ló dé tó ń yọ́? PBS ni. HEPES, irú omi bẹ́ẹ̀ tí kò ní phosphate, kì í bá a jà tó bẹ́ẹ̀. Ẹni tó ń ṣiṣẹ́ fún ẹ̀jẹ̀ kò lè sá fún phosphate, nítorí ó wà nínú ẹ̀jẹ̀. Kó dán an wò níbẹ̀ láti ọjọ́ kìíní dípò kó máa fi omi lásán tan ara rẹ̀ jẹ.

Nọ́ńbà ta ni kẹ́ ẹ gbà gbọ́?

TEM, máíkíróskóòpù tó ń lo electron, ń fi èérún hàn yín fúnra rẹ̀. DLS, ẹ̀rọ tó ń fi ìmọ́lẹ̀ wọn ìtóbi, ń wọn ohun tó ń rìn nínú omi, pẹ̀lú ohun ìbora àti omi tó lẹ̀ mọ́ ọn, ó sì ń gbọ́ ohùn àwọn ńlá ju àwọn kékeré lọ: èérún tó bá tóbi ní ìlọ́po mẹ́wàá ń tan ìmọ́lẹ̀ káàkiri ní ìlọ́po mílíọ̀nù. Ìyẹn ni pé ìdọ̀tí díẹ̀ lè ba gbogbo ìwọ̀n jẹ́. XRD, tó ń fi X-ray wo bí kírísítà ṣe tò, ń sọ bóyá MOF tí ẹ fẹ́ ló jáde. Fún ìtóbi tó ju 100 nm lọ, ẹ má fi bẹ́ẹ̀ gbára lé e. Bí TEM bá ní 60 nm, tí DLS ní 400, kò sí ẹni tó purọ́ nínú wọn. Èérún yín ti dì mọ́ra ni. Bí owó bá kù fún ọ̀kan ṣoṣo, ẹ fi XRD mọ̀ ọ́n, ẹ dá owó jọ fún TEM. Zeta potential (ìwọ̀n iná mànàmáná lára èérún) tó bá ti kọjá 30 mV ní ẹ̀gbẹ́ kan tàbí èkejì sábà máa ń túmọ̀ sí pé wọn ò ní tètè dì.

Bó bá jẹ́ èmi

Ohun ìrokà àti centrifuge nìkan lẹ ní: ZIF-8, methanol, 1 sí 8. Ẹ fi bíkà sínú abọ́ omi tó ní tẹmómítà, nítorí "ooru yàrá" ní Bódìjà lóṣù kẹta kì í ṣe ooru yàrá ní àárọ̀ ọyẹ́.

Omi lẹ fẹ́ fọ̀ mọ́: UiO-66 tàbí MOF-801, ẹ fi acetic acid tàbí formic acid mú un tóbi, ẹ má wá nano.

Oògùn ni: MIL-100(Fe), kò sí HF, máíkíróweefù láàbù bí ẹ bá rí i lò, cyclodextrin onífosífétì lára rẹ̀. Bí máíkíróweefù ò bá sí, ẹ bá ẹni tó ní in ṣe pọ̀. Mi ò ní tan yín pé ófùn á ṣe é bákan náà.

Catalyst ni: UiO-66, ZrOCl₂, acetic acid níwọ̀nba, kẹ́ ẹ sì bẹ̀rẹ̀ ní àárọ̀ ọjọ́ tí ẹ bá mọ̀ pé dísù wà fún jẹnẹrétọ̀. Bí iná bá lọ láàárín rẹ̀, ẹ da a nù. Èmi dá tèmi sí, ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni mo fi ṣàlàyé àwòrán rẹ̀ fún ọ̀gá mi.

Èyíkéyìí tí ẹ bá ṣe, ẹ má gbẹ gbogbo rẹ̀. Èérún tó bá gbẹ tán máa ń lẹ̀ mọ́ra bí gààrí tí omi kán sí, ẹ lè fi sonicator (ẹ̀rọ tó ń fi ìró gbọ̀n nǹkan) gbọ̀n ọ́n dọ̀la, kò ní tú padà bó ṣe wà. Ẹ gbẹ ìwọ̀nba tí XRD nílò, ẹ fi ìyókù sínú ethanol, kẹ́ ẹ kọ ọjọ́ àti ooru sára ìgò pẹ̀lú bírò tí ethanol kò lè pa rẹ́.